Abidjan: Bí ọ̀já bàtà tí ẹ fi ń gun kẹ̀kẹ́ bá já, ẹ má tíì jù ú nù, bí ẹ ṣe lè tún un ṣe nílé rèé

Láàárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú ní ìlú Abidjan, kí àwọn gbàkà tó kún ojú pópó, ni àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere máa ń rí ọ̀nà lò dáadáa. Ẹ ti dé akoto, ẹ ti fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, omi ti wà nínú ike. Ó wá ku bàtà. Ẹ fa ọ̀já rẹ̀ báyìí, "fàà!", ó já sí yín lọ́wọ́.

Kí lẹ máa ṣe? Ọ̀pọ̀ èèyàn á jù ú sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tu owó jọ láti ra òmíràn. Àwọn mìíràn á fi okùn kan dì í, wọ́n á gbéra bẹ́ẹ̀.

Àwọn méjèèjì ló ṣe àṣìṣe. Ẹni àkọ́kọ́ fẹ́ ná owó tí kò yẹ kó ná. Ẹnì kejì sì ń fi ara rẹ̀ wewu, nítorí pé ọ̀já bàtà yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀já ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ lára bàtà ìgun-kẹ̀kẹ́, nígbà tí ìsàlẹ̀ bàtà àti ara rẹ̀ ṣì le dáadáa. Abẹ́rẹ́, òwú, réésà àti sùúrù ti tó láti tún púpọ̀ nínú wọn ṣe nílé.

Èló ni bàtà tuntun?

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é. Owó sẹ́fà tí wọ́n ń ná ní Côte d'Ivoire so pọ̀ mọ́ owó Yúróò, Yúróò kan sì jẹ́ sẹ́fà 655.957. Bí ẹnì kan ní Yúróòpù bá ta bàtà ìgun-kẹ̀kẹ́ ní 100 Yúróò, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 65,600 sẹ́fà, láì tíì ka owó tí wọ́n máa fi kó o wọlé àti èrè ẹni tó ń tà á.

Láti oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2023 ni owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin ní Côte d'Ivoire ti di 75,000 sẹ́fà. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó ń gba owó oṣù náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ ná gbogbo rẹ̀ sórí bàtà kan ṣoṣo.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń lọ sí ìdí bàtà ọwọ́ kejì. Bàtà ọwọ́ kejì dára o, àmọ́ ọ̀já rẹ̀ ti rí òógùn, oòrùn àti òjò kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tún ọ̀já ṣe.

Kí ló dé tí ọ̀já kékeré yìí fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀?

Ìsàlẹ̀ bàtà tí wọ́n fi ń gun kẹ̀kẹ́ sáré máa ń le gbagidi kí agbára ẹsẹ̀ má baà ṣòfò. Ike tàbí irin kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kílíìtì. Kílíìtì yìí ló ń wọ inú pẹ́dà, pẹ́dà á sì gbá a mú gírígírí.

Ilé iṣẹ́ LOOK ti ilẹ̀ Faransé, tó ti ń ṣe ìdè bàtà fún àwọn tó ń yọ̀ lórí yìnyín tẹ́lẹ̀, ló gbé irú pẹ́dà yìí jáde fún kẹ̀kẹ́ ìsáré lọ́dún 1984. Lọ́dún 1985, Bernard Hinault lò ó, ó sì gba ife ìdíje Tour de France. Nígbà tó di ọdún 1990, Shimano ti ilẹ̀ Japan gbé tirẹ̀ tó ń jẹ́ SPD jáde, èyí tí kílíìtì rẹ̀ kéré tí èèyàn sì lè fi bàtà rẹ̀ rìn nílẹ̀.

Nínú méjèèjì, bí ẹ bá fẹ́ yọ ẹsẹ̀ yín, ẹ kò ní fà á sókè. Ńṣe lẹ máa yí gìgísẹ̀ sí ìta, pẹ́dà á sì tú bàtà sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀já ti wọlé nìyí. Bí ọ̀já bá dẹ̀, ẹsẹ̀ yín á máa yí nínú bàtà, àmọ́ bàtà fúnra rẹ̀ kò ní yí. Pẹ́dà kò sì ní tú yín sílẹ̀. Ẹ wá wò ó pé oríta lẹ wà, gbàkà kan sì dúró lójijì níwájú yín láti gbé èrò. Ẹ fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ẹsẹ̀ kò jáde. Ẹ̀gbẹ́ lẹ máa fi ṣubú, sí àárín ọkọ̀.

Ọ̀já bàtà dà bí ọ̀já ìpọnmọ. Kò sí ìyá tó máa fi ọ̀já tó ti já pọn ọmọ jáde nílé pé òun á máa fi ọwọ́ dì í mú.

Irú ìdè wo ló wà lára bàtà yín?

Kí ẹ tó gbé abẹ́rẹ́, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ tún ṣe. Oríṣi mẹ́rin ló wọ́pọ̀.

Èkíní ni ọ̀já tó ń lẹ̀ mọ́ra, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Velcro. Ojú kan rẹ̀ le, ó kún fún ìkọ́ kéékèèké. Ojú kejì múlọ́, ó kún fún irun tí ìkọ́ yẹn ń mú. Lọ́dún 1941 ni ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, George de Mestral, mú ajá rẹ̀ rìn nínú igbó, tí èso koríko kan sì lẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀ àti irun ajá náà. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà oko kọjá, tí èèmọ́ sì lẹ̀ mọ́ ọn láṣọ, mọ ohun tí à ń sọ. De Mestral yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé ìkọ́ ló wà lára rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti mú ọgbọ́n yìí jáde.

Èkejì ni ọ̀já oníke eléyín. Ọ̀já náà ní eyín bíi ti ayùn, ó sì ń wọ inú ìdè kan tó ní ọwọ́ kékeré. Bí ẹ bá ń gbé ọwọ́ náà sókè sódò, ọ̀já á máa fún sí i ní eyín kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó ní bọ́tìnnì róbótó tí ẹ máa ń yí, tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń fún bàtà pọ̀. Gary Hammerslag ló dá ilé iṣẹ́ BOA tó mú un gbajúmọ̀ sílẹ̀ ní Colorado, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2001.

Ẹ̀kẹrin ni okùn bàtà lásán. Èyí kò nílò àlàyé: ẹ ra okùn tuntun, ẹ ti ìdí rẹ̀ bọ inú bàtà kó má baà kó sínú ṣéènì.

Níbo lẹ ti lè rí ohun èlò rà ní Abidjan?

Ọjà Adjamé àti ti Treichville ni ẹ kọ́kọ́ máa lọ. Ẹ má wá ìsọ̀ àwọn tó ń ta kẹ̀kẹ́ o, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta òwú, bọ́tìnnì, síìpù àti rọ́bà fún àwọn télọ̀ ni kí ẹ lọ.

Bí ẹ bá dé ibẹ̀, èdè Yorùbá lè tó yín lò. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Ànàgó níbẹ̀, ti ń ṣòwò ní Abidjan. Àwọn ará Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn, débi pé ẹ lè gbọ́ èdè Faransé ní ìgboro Èjìgbò, tí ọkọ̀ sì ń ná ọ̀nà láti ibẹ̀ lọ sí Abidjan. Ọ̀nà tó so Abidjan pọ̀ mọ́ Èkó gùn ju 1,000 kìlómítà lọ, ó sì gba Ghana, Togo àti Benin kọjá.

Bí ẹni tó ń tajà kò bá gbọ́ Yorùbá, ọ̀rọ̀ Faransé mẹ́rin yìí á wúlò. Velcro ni "scratch". Ìdè ni "boucle". Òwú ni "fil". Aránbàtà ni "cordonnier".

Ohun tí ẹ máa nílò rèé: réésà, abẹ́rẹ́ méjì tó nípọn, òwú náílọ́ọ̀nù tàbí ti poliẹ́sítà (òwú lásán á jẹrà nínú òógùn), àbẹ́là kan, ẹ̀mú kékeré, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́, Velcro tuntun tó fẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, àti òòlu, ìyẹn irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí àwọn aránbàtà fi ń lu awọ.

Bí Velcro kò bá lẹ̀ mọ́

Ẹ má tíì gé ohunkóhun. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdọ̀tí ló dí i.

Irun, òwú ìbọ̀sẹ̀ àti yanrìn máa ń kó sí àárín ìkọ́ kéékèèké yẹn. Ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ fà wọ́n jáde ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ọṣẹ àti omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ níbòji. Púpọ̀ nínú ọ̀já tí wọ́n ní ó ti kú ló máa jí lẹ́yìn èyí.

Bí kò bá jí, ẹ gbé ìkọ́ tuntun tí ẹ rà lé apá tó múlọ́ lára bàtà. Bó bá mú un dáadáa, á jẹ́ pé ìkọ́ àtijọ́ nìkan ló bàjẹ́. Bí kò bá mú un, á jẹ́ pé irun apá kejì ló ti jẹ tán, òun náà sì ni kí ẹ pààrọ̀. Ẹ̀yà kan péré lẹ lè nílò láti rán.

Bí ẹ ṣe máa pààrọ̀ rẹ̀ nìyí:

1. Ẹ ya fọ́tò bàtà náà. Bàtà kejì tí kò bàjẹ́ ni àpẹẹrẹ yín, ẹ gbé e sítòsí.

2. Ẹ fi réésà gé òwú àtijọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fà á yọ. Ẹ rọra, kí réésà má kan ara bàtà.

3. Ẹ gé Velcro tuntun ní ìwọ̀n ti àtijọ́. Ẹ gé igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó rí róbótó, nítorí igun ṣóńṣó ni ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ká.

4. Ẹ fi òwú fa ara àbẹ́là lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìda àbẹ́là máa jẹ́ kó yọ̀ gba inú ihò, kò sì ní jẹ́ kó tètè mu omi.

5. Ẹ rán an gba inú ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ tó bá ṣeé ṣe. Bí ẹ bá lu ihò tuntun tó pọ̀ jù, ara bàtà á ya bí ìwé. Ibi tí ihò bá ti dí, ẹ fi òòlu là á.

6. Ẹ lo abẹ́rẹ́ méjì bí àwọn aránbàtà ṣe ń ṣe é. Okùn òwú kan ṣoṣo ni, abẹ́rẹ́ kan ní ìdí rẹ̀, òmíràn ní orí rẹ̀, àwọn méjèèjì á sì máa gba ihò kan náà láti ojú òdìkejì ara wọn. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí òwú bá já níbì kan, ojú ìrán tó kù kò ní tú tẹ̀lé e.

7. Ẹ fi ẹ̀mú fa abẹ́rẹ́ bó bá le. Ẹ má fi ìka tì í, ó lè wọlé síni lára.

8. Ìdí ọ̀já níbi tí agbára ti ń fà jù ni kí ẹ ti rán léraléra, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ẹ má ra Velcro tí gọ́ọ̀mù ti wà lẹ́yìn rẹ̀ pé kí ẹ kàn lẹ̀ ẹ́. Ooru Abidjan àti òógùn ẹsẹ̀ á tú gọ́ọ̀mù náà, àti pé gọ́ọ̀mù yẹn máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ́rẹ́ bí ẹ bá ń rán an.

Bí ọ̀já bá já láti ìdí tàbí òrùka rẹ̀ bá ṣẹ́

Àwọn ọ̀já kan máa ń gba inú òrùka oníke kan kọjá kí wọ́n tó yí padà lẹ̀ mọ́ ara wọn. Bí òrùka yìí bá ṣẹ́, ẹ wo ara báàgì àtijọ́. Òrùka irin tó wà lára okùn báàgì le ju ti oníke lọ. Kí ẹ rí i pé ó fẹ̀ tó ọ̀já, kò sì ní etí mímú tó máa gé e.

Bó bá jẹ́ àárín ni ọ̀já ti já, ẹ má so ó. Kókó á máa gún ẹsẹ̀. Ẹ wá awẹ́ okùn báàgì tó lágbára, kí ẹ fi bo ojú ibi tó já, kó kọjá ibẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹ rán an yípo ní igun mẹ́rin, kí ẹ wá rán an kọjá ní ìdábùú láti igun kan sí èkejì. Irú ìrán yìí lẹ máa ń rí ní ìdí okùn báàgì àwọn ọmọ ilé ìwé.

Bó bá jẹ́ pé ìdí ọ̀já tó wọ abẹ́ bàtà ló fà yọ, iṣẹ́ aránbàtà nìyẹn. Òun ló lè rán an mọ́ ẹ̀gbẹ́ bàtà, kó sì fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ́ inú rẹ̀ kí ojú ìrán má baà bó ẹsẹ̀ yín.

Bí ọ̀já eléyín kò bá mú mọ́

Ẹ kọ́kọ́ wo eyín rẹ̀. Bí eyín bá ti jẹ tán níbi tí ẹ máa ń fà á dé lójoojúmọ́, kò sí ìtúnṣe fún un, àfi kí ẹ pààrọ̀ ọ̀já náà. Ẹ má fi iná yọ́ ike pé kí ẹ tún eyín gbẹ́.

Àmọ́ bí eyín bá ṣì mú, ìdè ni kí ẹ yẹ̀ wò. Iyọ̀ inú òógùn àti yanrìn máa ń jẹ́ kó dípẹtà, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní padà mọ́. Ẹ fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ ẹyọ kan sí i. Ẹ nu èyí tó bá ṣẹ́kù kúrò.

Bí irin kékeré inú rẹ̀ bá ti ṣẹ́, ẹ wo bí wọ́n ṣe dè é mọ́ bàtà. Ọ̀pọ̀ ìdè irú èyí, bíi ti ilé iṣẹ́ Sidi ti ilẹ̀ Ítálì, ló ní síkúrù, wọ́n sì ń ta ẹ̀yà rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ tú síkúrù náà, ẹ fi ìdè mìíràn rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá ní bàtà àtijọ́ kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti là, ẹ yọ ìdè rẹ̀ pa mọ́. Ohun tí ẹnì kan ń jù nù ni ẹlòmíràn ń wá kiri.

Bó bá jẹ́ rífẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi kàn án, aránbàtà lè fi irin ìdálu yọ ọ́. Bóòtù kékeré tí orí rẹ̀ pẹlẹbẹ lẹ máa fi rọ́pò rẹ̀. Orí pẹlẹbẹ yẹn ni kó wà nínú bàtà, kí nọ́ọ̀tì wà níta, kí ẹ sì fi awọ bo ojú rẹ̀ nínú. Bí ẹ bá ṣe é ní òdìkejì, ẹsẹ̀ yín á sọ fún yín kí ẹ tó dé ọ̀nà Grand-Bassam.

Bí kò bá sí ìdè mìíràn rárá, ẹ má sọ̀rètí nù. Aránbàtà lè yọ ọ̀já eléyín kúrò pátápátá, kó sì rán ọ̀já Velcro àti òrùka irin sípò rẹ̀. Kò ní rẹwà bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ á di ẹsẹ̀ mú.

Ní ti bọ́tìnnì oníwáyà, ẹ má fi agbára yí i. Ẹ fi omi tútù ṣan yanrìn inú rẹ̀ dànù, ẹ tún un dán wò. Bí wáyà bá ti ń fọ́n, ẹ má so ó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ni. Ilé iṣẹ́ BOA ṣèlérí láti fún èèyàn ní bọ́tìnnì àti wáyà mìíràn níwọ̀n ìgbà tí bàtà náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ kàn sí wọn kí ẹ tó náwó.

Ṣé gọ́ọ̀mù nìkan kò lè ṣe é?

Rárá. Gọ́ọ̀mù lè di nǹkan mú kí ẹ tó rán an, àmọ́ ọ̀já tí ẹ ń fà lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ojú ìrán. Gọ́ọ̀mù tó ń gbẹ kíákíá, tí wọ́n ń tà nínú ọ̀pá kékeré, máa ń le bí dígí. Bí bàtà bá ti ká, á sán.

Gọ́ọ̀mù àwọn aránbàtà ló dára. Ẹ ha ojú méjèèjì kó ríra, ẹ nù ún kó mọ́, ẹ fi díẹ̀ pa ojú méjèèjì, ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó di pé ẹ tẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Òórùn rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń gbiná: ẹ ṣí fèrèsé, ẹ pa àbẹ́là àti sítóòfù, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún aránbàtà

Aránbàtà mọ iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ ó lè má tíì rí irú bàtà yìí rí. Ẹ sọ nǹkan mẹ́ta fún un kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ní kó má kan ìṣó mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ike líle tàbí kábọ́ọ̀nù, ìṣó á sì là á. Ẹ ní kó má tú kílíìtì, nítorí ibi tó wà gan-an ni orúnkún yín ti mọ́ lára, ìyàtọ̀ mìlímítà díẹ̀ sì lè di ìrora. Ẹ sì ní kó fi bàtà kejì wọn gígùn ọ̀já, kí ọ̀tún àti òsì lè dọ́gba.

Bó bá já lójú ọ̀nà ńkọ́?

Bí ẹ bá ní túùbù àtijọ́ nínú báàgì, ẹ gé awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú rẹ̀, kí ẹ fi wé bàtà mọ́ ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó gba orí kílíìtì kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní wọ pẹ́dà tàbí kó má jáde níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ìta ni kí kókó rẹ̀ wà, kí ìdí rẹ̀ má baà kó sínú ṣéènì.

Èyí wà fún pé kí ẹ rọra délé, kì í ṣe láti máa sáré lọ. Ẹ gùn ún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ má ti ẹsẹ̀ yẹn bọ inú pẹ́dà bó bá ṣeé ṣe. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ wá ọkọ̀ wọ́rọ̀wọ́rọ̀ tó máa gba kẹ̀kẹ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó jáde

Bí ẹ bá tún un ṣe tán, ẹ má lọ sí títì tààrà. Ẹ kọ́kọ́ wọ bàtà náà, kí ẹ fa ọ̀já rẹ̀ dáadáa ju bí ẹ ṣe máa ń fà á lọ. Ẹ fetí sílẹ̀. Bí ojú ìrán bá ń dún, ẹ tú u, ẹ tún un rán.

Lẹ́yìn náà, ẹ gun kẹ̀kẹ́ náà lójú kan, kí ẹ fara ti ògiri. Ẹ ti ẹsẹ̀ bọ inú pẹ́dà, ẹ yí gìgísẹ̀, ẹ yọ ọ́. Ẹ ṣe é ní ogún ìgbà fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí gìgísẹ̀ yín bá ń gbéra sókè nínú bàtà, ọ̀já kò tíì mú tó. Bí ìka ẹsẹ̀ bá ń kú, ó ti fún jù.

Ẹ wá gùn ún yípo àdúgbò fún ìṣẹ́jú díẹ̀, níbi tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí. Bó bá yege níbẹ̀, ẹ lè mú un lọ sójú ọ̀nà ńlá.

Bí kò ṣe ní tètè bàjẹ́ mọ́

Abidjan ìlú etí òkun àti ọ̀sà ni. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ kún fún ọ̀rinrin àti iyọ̀, òjò ńlá sì máa ń rọ̀ láti oṣù Ẹ̀bìbí sí oṣù Agẹmọ, kó tó tún padà dé ní nǹkan bí oṣù Ọ̀wàrà. Bàtà tí wọ́n bá fi sínú báàgì ní tútù kò ní pẹ́ tó fi máa hu èébú.

Bí ẹ bá dé láti orí kẹ̀kẹ́, ẹ fi aṣọ tútù nu iyọ̀ òógùn kúrò lára rẹ̀. Ẹ ki ìwé ìròyìn àtijọ́ sínú rẹ̀ kó fa omi. Ẹ má sá a sí oòrùn ọ̀sán gangan, nítorí oòrùn ń sọ ike di ẹlẹgẹ́, ó sì ń tú gọ́ọ̀mù. Kí ẹ tó gbé e pa mọ́, ẹ lẹ Velcro rẹ̀ pọ̀ kí ìdọ̀tí má baà wọ inú ìkọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ bọ́ ọ, ẹ tú ọ̀já pátápátá, ẹ má fi ipá fa ẹsẹ̀ yọ. Ipá yẹn ló ń já ìdí ọ̀já jù.

Kẹ̀kẹ́ ń gbilẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà

Lọ́dún 2024, Biniam Girmay ọmọ ilẹ̀ Eritrea gba ipele mẹ́ta nínú ìdíje Tour de France, ó sì wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé délé. Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 2025, ìlú Kigali ní Rwanda gbàlejò ìdíje àgbáyé kẹ̀kẹ́ ojú títì, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa wáyé lórí ilẹ̀ Áfíríkà. Nítòsí Côte d'Ivoire, ìdíje Tour du Faso ti wà ní Burkina Faso láti ọdún 1987.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo gbogbo èyí máa fẹ́ gun kẹ̀kẹ́. Púpọ̀ nínú wọn kò ní lówó bàtà tuntun, bàtà ẹ̀gbọ́n tàbí ti ọwọ́ kejì ni wọ́n máa wọ̀. Bí ẹ bá ní èyí tí ọ̀já rẹ̀ ti já lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ mú un jáde lónìí, kí ẹ tún un rán. Bí kò bá ba ẹsẹ̀ yín mu mọ́, ẹ ó rí ẹsẹ̀ mìíràn tó ń wá a.